Ewé Oyè Kì Í Ṣe Ti Ọjọ́ Kan

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ti pẹ́ nínú mi. Ọjọ́ ìwúyè Olúbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kan èmi fúnra mi kí ó tó kan ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, mo tètè jí. Mo fi omi tútù àti obì kí Ifá mi, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, mo so ìdè mọ́ ọwọ́, mo sì fẹsẹ̀ rìn láti Ìdí Arẹrẹ lọ sí Ọjà'ba. Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ò rí ọ̀nà gbà, ẹlẹ́sẹ̀ náà ń fi èjìká là á. Ìlù ń dún níhìn-ín, ìlù ń dún lọ́hùn-ún. Aṣọ ẹgbẹ́ ò lóǹkà. Ọjọ́ náà ni Ọba Ràṣídì Adéwọlú Ládọjà gorí ìtẹ́, Olúbàdàn kẹrìnlélógójì, ní ọjọ́ kejì tí wọ́n pé ẹni ọdún 81. Ojúbọ Ọ̀ṣẹ́méjì ní Ọjà'ba ni wọ́n kọ́kọ́ lọ fún ètùtù ìbílẹ̀, kí wọ́n tó gòkè lọ sí Gbọ̀ngàn Mápó, níbi tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú àti àwọn èèkàn ìlú wà, tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé sì ti gbé ọ̀pá àṣẹ fún wọn.

Èmi kò sí lára àwọn tí ètùtù náà jẹ́ ti ìdílé wọn, nítorí náà ìta ni mo dúró sí. Ohun tí wọ́n ṣe nínú ilé, ti àwọn tó ni ín ni. Mo kàn fẹ́ wà nítòsí ni, bí bàbá mi náà ti máa ń ṣe.

Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì dúró tì mí, fóònù wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ọ̀kan bi èkejì pé, "Kí ni wọ́n ń ṣe nínú ibẹ̀ yẹn gan-an?" Èkejì ní, "Wọ́n kàn ń ṣe àṣà ni. Mápó ni wọ́n ti máa jọba."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lára. Mo yíjú sí wọn, mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ibi tí ẹ dúró sí yìí ni ìdí ọ̀rọ̀. Mápó ni gbogbo ayé ti ń rí i." Wọ́n dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní kí n má bínú. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé Ọ̀ṣẹ́ Méjì ni odù tí a mọ̀ mọ́ ìpìlẹ̀ ìlú Ìbàdàn, pé ojúbọ náà sì ti odù yẹn gba orúkọ. Mo ní lọ́dún 1929 ni wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó nígbà ayé òyìnbó, àwọn baba wa sì ti ń fi olórí jẹ ní Ìbàdàn fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí òkúta Mápó tó lé lórí ara wọn. Orúkọ oyè náà gan-an, "Olúbàdàn", ọdún 1936 ni ìjọba gbà á wọlé, nígbà Ọba Òkùnọlá Abáàsì Aléṣinlọ́yẹ̀. Baálẹ̀ ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Orúkọ yí padà, ilé àpéjọ yí padà, ṣùgbọ́n wọn kò yí Ọjà'ba padà.

Inú mi dùn sí ara mi. Mo rò pé mo ti parí iṣẹ́ àgbà. Ìgbà náà ni èyí tó kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ tún yíjú sí mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Odù wo ló wá jáde fún ọba tó ṣáájú èyí? Kí ni Ifá sọ, ṣé ó sì ṣẹ?"

Ẹnu mi dí. Mo wo ilẹ̀, mo wo òkè. Mo ní, "Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n." Ọmọ náà mi orí, kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ìdáhùn mi kò yàtọ̀ sí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní a kàn ń ṣe àṣà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìbéèrè yẹn fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Ọba Yesufu Àsáńkẹ́ gorí ìtẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, mo ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ bàbá mi. Bàbá mi lọ sí Ọjà'ba lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Ìwọ tó mọ̀wé, mú bírò àti ìwé wá. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà lónìí, mo fẹ́ kí o kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó má baà bá mi lọ." Lọ́jọ́ náà, Shooting Stars fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Liberty Stadium. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń súfèé pè mí lójúde. Mo ní, "Bàbá, tí mo bá dé, màá kọ ọ́." Mo dé lálẹ́, wọ́n ti sùn. Ọjọ́ kejì, mo gbàgbé. Wọn kò sì tún sọ ọ́, nítorí àgbà kì í bẹ ọmọ lẹ́ẹ̀mejì pé kó wá gba ogún.

Bàbá mi ti lọ láti ọdún pípẹ́. Mi ò lè sọ odù tí wọ́n gbọ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò lè sọ ẹbọ rẹ̀, mi ò lè sọ ìkìlọ̀ rẹ̀. Ìwé wà nílé, bírò wà, ọmọ tó mọ̀wé wà. Bọ́ọ̀lù ló gbà á lọ. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ bi mí ní Ọjà'ba, gbèsè tí mo jẹ láti ogójì ọdún ó lé ló wá gbà lọ́wọ́ mi.

Ẹ má rò pé ti èmi nìkan ni. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, mo bi àwọn awo ẹgbẹ́ mi mélòó kan ní àdúgbò wa. Gbogbo wa la lè sọ ẹni tó jókòó níwájú, ẹni tí wọn kò pè, irú agbádá tí lágbájá wọ̀, ẹni tó gba máíkì tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí odù àti ẹbọ, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ họrí. A rántí ayẹyẹ. Iṣẹ́ tí ayẹyẹ náà wà fún ni a gbàgbé.

Àwọn Yorùbá ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì ń pa á fún àwọn oníbàárà wa kí wọ́n lè padà wá. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e wò dáadáa. Bí ẹni kan tó ń ta ata ní Ọjà'ba bá nílò kí ó padà wá béèrè lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, báwo ni Ifá tí a dá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ ìwúyè, ṣe máa tó ìlú tó tóbi tó Ìbàdàn fún gbogbo ìgbà ayé ọba? Ọ̀rúnmìlà kò wá sí òde oyè láti wá ya fọ́tò. Ẹlẹ́rìí ìpín ni, olùdámọ̀ràn ni. Ẹni tó pe olùdámọ̀ràn ní ọjọ́ àríyá, tí kò pè é mọ́ ní ọjọ́ ìṣòro, àlejò ló fi í ṣe.

Ìbàdàn ló tún nílò rẹ̀ jù, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀. Ètò ìjọba wa yàtọ̀ sí ti àwọn ìlú tí ọmọ ọba ti ń jẹ lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Àkàbà la ní. Ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ láti Mọ́gàjí, á di Jagun, á máa gùn ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yálà ní ìlà Ọ̀tún tàbí ìlà Balógun, àwọn ìlà méjèèjì á sì máa gbà á fún ara wọn. Ètò yìí dára. Ó ti gbà wá lọ́wọ́ ìjà oyè tó ń fọ́ ìlú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan nínú: kí ènìyàn tó dé òkè àkàbà, irun ti funfun. Ọba Samuel Odùlánà lé ní 90 ọdún nígbà tí wọ́n jọba ní 2007, wọ́n sì dára fún wa títí wọ́n fi wàjà ní 2016 lẹ́yìn tí wọ́n pé 101. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọba Lékan Balógun jọba ní 11 oṣù Kẹta ọdún 2022, wọ́n wàjà ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Ọba Ọwọ́lábí Ọlákùlẹ́hìn jọba ní 12 oṣù Keje ọdún 2024, wọ́n wàjà ní 7 oṣù Keje ọdún 2025. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọdún kan pé.

Ẹ kà á. Láàárín ọdún mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìbàdàn gun òkè Mápó fún ìwúyè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìlú yà sí Ọ̀ṣẹ́méjì. Bí a bá fi ohun tí Ifá sọ sílẹ̀ fún ọpọlọ àgbà kan tàbí méjì, tí ọba sì tún wàjà, ìbẹ̀rẹ̀ la óò máa padà sí ní gbogbo ìgbà. Ẹbọ tí a kò ṣe tán fún ìlú lábẹ́ ọba kan, ta ni yóò rán ọba tó tẹ̀ lé e létí? Ìkìlọ̀ tó kan gbogbo ìlú, tí kì í ṣe ti ẹnì kan, ibo la tọ́jú rẹ̀ sí? Ọba ń lọ, ọba ń bọ̀, ìlú ló ń dúró. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ Ifá dúró pẹ̀lú ìlú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé Lọ́ńdọ́ọ̀nù rí fọ́tò ìwúyè wa, ó wá fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, "Bàbá, ẹ wo ti àwọn aráàbí." Ìwúyè olórí ìlú àtijọ́ tó wà láàárín Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Lord Mayor. Kì í ṣe Méyọ̀ tí gbogbo ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń dìbò yàn o. Ti èyí ti wà láti ayébáyé, ọdún kan ni ẹnì kan sì sábà máa ń lò níbẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Guildhall, àwọn ìjòyè wọ aṣọ gígùn, wọ́n ń gbé idà, ọ̀pá àṣẹ àti èdìdì ìlú wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹrí ba, wọ́n sì ń fi ẹ̀yìn rìn padà. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí olórí tuntun fi jẹ́jẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Pẹ́ẹ́ ni gbogbo ilé dákẹ́ títí wọ́n fi parí. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo rò ó pé bí ó bá jẹ́ pé ní Ọjà'ba la ti ṣe é, àwọn kan ì bá ní òrìṣà ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ mí lára kì í ṣe idà, kì í sì ṣe ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ọmọ náà sọ fún mi pé lọ́jọ́ kejì, olórí tuntun náà gbọ́dọ̀ jáde ní gbọ̀ngàn, kí ó gba ìgboro kọjá, kí ó lọ búra níwájú àwọn adájọ́ pé òun yóò jẹ́ olóòótọ́ sí adé. Láti inú ìwé àṣẹ tí Ọba John fún wọn ní 1215 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé ní 800 ọdún. Bí olórí bá ti ń yí padà ni ìbúra náà ń padà wá, nítorí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì mọ ẹni tí olórí tuntun gbọ́dọ̀ lọ bá lẹ́yìn ayẹyẹ. Òyìnbó kò gbọ́n jù wá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé ni wọ́n fi jù wá.

Kí ni mo wá ń sọ? Ohun mẹ́ta péré ni, ọ̀dọ̀ àwa awo ni mo sì ti fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbàkígbà tí a bá dífá fún oyè, ìbáà jẹ́ oyè Mọ́gàjí ní agboolé kékeré, kí ìwé kan wà tí a óò kọ ọjọ́, odù, ẹbọ àti ìkìlọ̀ sí, pẹ̀lú orúkọ àwọn awo tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kí a lè kọ ọ́ bí a bá rú ẹbọ náà tàbí a kò rú u. Ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ awo, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ ẹni tí a dá a fún.

Èkejì, kí a padà lọ. Àwa awo ń pàdé ní ìtàdógún. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ìlú kò lè wà lára ohun tí à ń bi Ifá léèrè níbẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, láìdúró kí wọ́n ránṣẹ́ pè wá? Bí Ifá bá sọ̀rọ̀, kí àgbà méjì gbé e lọ sí ibi tó yẹ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á, ó dára. Bí wọn kò bá gbà á, a ti jíṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí a fi han àwọn ọmọ. Ọmọ tó bi mí léèrè ní Ọjà'ba kì í ṣe ọ̀tá Ifá. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Bí mo bá ní ìwé tí mo lè tọ́ka sí, bóyá yóò ti máa wá kọ́ Ifá báyìí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Àwọn kan á ní awo kì í tú, pé ẹni tó bá kọ Ifá sínú ìwé ti tú àṣírí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti kọ ẹsẹ Ifá sínú ìwé láti àwọn ọdún 1960, Ifá kò tìtorí rẹ̀ sá kúrò nílé. Ìwé yẹn wà lára ohun tí ayé kà tí wọ́n fi mọ̀ pé ọgbọ́n ni Ifá, tí àjọ UNESCO fi ka Ifá mọ́ ohun ìní gbogbo ènìyàn ní 2005. Ohun tó wà nínú igbó awo, kí ó wà níbẹ̀. Èmi ń sọ nípa ìkìlọ̀ tó kan ìlú. Àṣírí tó bá olówó rẹ̀ wọ ilẹ̀ ti kọjá àṣírí, òfò ni.

Àwọn mìíràn á ní Kábíyèsí lè jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n sì lè jẹ́ Kristẹni, kí á má fi tiwa dí wọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìbàdàn ti ní ọba Mùsùlùmí púpọ̀, ó sì ti ní Ọba Isaac Akínyẹlé, Kristẹni paraku, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1955 títí di 1964. Èmi kò ní kí ọba kankan pa ìrun tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tì. Ọba ni bàbá gbogbo wa. Ẹ̀sìn wọn jẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n etí wọn jẹ́ ti ìlú. Àlùfáà ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, pásítọ̀ ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Kí awo náà ní ohun tó ní láárí láti sọ nígbà tó bá kàn án.

Bákan náà, kí awa awo má ṣe fẹ̀ jù. Mo rántí omíyalé Ògùnpa ti 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Mo ti dàgbà tó láti rí ohun tí omi gbé lọ. Omíyalé mìíràn tún dé ní 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, gbogbo wa la di wòlíì: èyí ní òun ti rí i, tọ̀hún ní odò ń bínú. Ifá kò ní bá wa gbẹ́ ojú odò, kò sì ní bá wa kọ́ afárá. Iṣẹ́ ẹnjiníà nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ifá lè bi wá pé, ta ló kọ́lé sójú ọ̀nà omi, ta ló da ìdọ̀tí sí i, ta ló sì gbowó tó dákẹ́? Bí a bá kọ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí omi tó dé, ìmọ̀ràn ni. Bí ó bá di ẹ̀yìn ìṣẹ̀lẹ̀ kí a tó sọ ọ́, ìfọ́nnu ni.

Nínú Ìká Òfún, Ifá sọ nípa àwọn àgbà tí wọ́n lọ sí Ifẹ̀ lọ béèrè ẹ̀mí gígùn. Wọ́n dá wọn lóhùn, wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn. Nígbà tí wọ́n délé, wọn kò pa ìkìlọ̀ mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n lọ béèrè o. Ọjọ́ tí wọ́n béèrè kò ní àléébù kankan. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti ṣìnà.

Mo gbàdúrà fún Kábíyèsí wa, Ọba Ládọjà, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀, kí ìgbà wọn tu Ìbàdàn lára. Ní tèmi, lọ́jọ́ kejì ìwúyè, mo yà sí Bẹẹrẹ, mo ra ìwé àkọsílẹ̀ oníbátánì líle kan àti bírò méjì. Ọmọ kan tó ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ mi ló ń bá mi kọ ọ́, nítorí ojú mi kò ríran dáadáa mọ́ lálẹ́. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ jókòó, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ń dúró de òun lójúde, pé bọ́ọ̀lù wà lórí tẹlifíṣọ̀n.

Mo ní kí ó jókòó, ká kọ ti òní tán ná.

Ire o. Àṣẹ.